Ìbòrí Kì Í Ṣe Ìdì: Bí A Ó Ti Máa Tọ́jú Tírélà Ẹgbẹ́ ní Àkókò Òjò

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ tí ń tọ́jú ohun ìní ẹgbẹ́ bá ìpàdé gbogbo wa sọ ní Àbújá

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kò gùn, ṣùgbọ́n owó gbogbo wa wà nínú rẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ tírélà kékeré tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, èyí tí a fi owó tí a dá jọ kàn. Pákó ni ara rẹ̀, páànù ni orí rẹ̀. Inú rẹ̀ ni kànópì, àga àti ìkòkò ńlá ẹgbẹ́ ń gbé. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í sinmi: ìgbéyàwó lónìí, ìkómọ lọ́la, ìsìnkú ní ọ̀túnla. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ayẹyẹ ìta a dín kù, tírélà a sì dúró sójú kan fún bí oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ìdúró yìí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òjò tí ó kọjá. Ọrùn àwa ìgbìmọ̀ yìí ni ẹ̀bi náà wà, a kò sì ní fi pamọ́. A ra ọ̀rá ńlá, a fi dì í láti orí dé ìdí, a fi okùn wé e mọ́ra pinpin, a sì yin ara wa pé iṣẹ́ parí. A sọ pé bí òjò bá sinmi ní oṣù kẹjọ, bí ó ti ń sinmi nílé, a ó tú u, a ó sì sá ẹrù inú rẹ̀ sóòrùn. Oṣù kẹjọ dé, òjò kò sinmi, ẹnikẹ́ni kò sì tú u.

Ní oṣù kẹsàn-án, ọkọ ìyá wa kan kú, wọ́n sì ránṣẹ́ wá gba kànópì. Nígbà tí a tú okùn, òórùn ni ó kọ́kọ́ pàdé wa. Kànópì ti bu, ó ti dúdú kan, ó ti funfun kan. Pákó ìsàlẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ lábẹ́ ẹsẹ̀. Irin tí a ń gbé ìkòkò lé ti dípẹtà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá tí a fi dì í kò sì ya níbì kan. A lọ yá kànópì ẹlòmíràn, àwa tí a ní tiwa. Ojú tì wá níwájú opó náà.

A wá bi ara wa pé: bí òjò kò bá gba òkè wọlé, níbo ni omi náà ti wá?

Ẹ̀yin ìyá wa ni ẹ lè dáhùn rẹ̀ jù. Bí ẹ bá fi ewé di mọ́ínmọ́ín, tí ẹ gbé e kaná, ooru inú rẹ̀ kì í rí ọ̀nà jáde, òun ni ó sì ń sè é. Bákan náà ni tírélà wa. Ọ̀rinrin wà nínú afẹ́fẹ́, ó wà nínú kànópì tí a kó wọlé láìgbẹ dáadáa, ó sì ń gòkè láti inú ilẹ̀ tútù tí táyà dúró lé. Ní ọ̀sán, oòrùn a mú un gbóná, a di ooru. Ní òru, ọ̀rá a tutù, ooru náà a sì di omi ní abẹ́ rẹ̀, bí omi tí ń kán láti ọmọrí ìkòkò. Ojoojúmọ́ ni èyí ń ṣẹlẹ̀. Àwa fúnra wa ni a sé omi mọ́ inú ilé tí a ní a ń dáàbò bò.

Àṣìṣe kejì ni pé a gbé ìṣirò òjò ilé wá sí ìhín. Ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, òjò a máa dákẹ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ tútù tí ń ti orí òkun bọ̀ a ti afẹ́fẹ́ gbígbẹ ti aṣálẹ̀ Sàhárà sẹ́yìn, a sì gbé agbára òjò rékọjá ìhà òkun wá sí ìhà àríwá. Òjò tí ó sinmi lọ́dọ̀ wọn, ọ̀dọ̀ wa ni ó ń rọ̀ sí. Ní Àbújá, òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ó ń lọ dé oṣù kẹwàá, oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án gan-an ni ó sì ń lágbára jù. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe tún fi ìsinmi òjò oṣù kẹjọ dá ọjọ́ iṣẹ́.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ wo àká ọkà àwọn Hausa, èyí tí wọ́n ń pè ní rumbu. Wọn a gbé e lé òkúta kí ó má fara kan ilẹ̀, wọn a sì fi koríko dé e lórí bí fìlà tí etí rẹ̀ yọ síta. Òjò a ṣàn kọjá, afẹ́fẹ́ a sì gba abẹ́ rẹ̀. Ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn ní ilé onítáyà tí wọ́n ń fà rìnrìn-àjò, tí wọ́n sì ń bò ní ìgbà òtútù. Àwọn tí wọ́n dì í pinpin bíi tiwa ń bá a ní bíbu. Nítorí náà ni wọ́n fi ń ta aṣọ kan níbẹ̀ tí ń lé òjò, tí ó sì ń jẹ́ kí ooru inú jáde. Bí a kò bá rí irú rẹ̀ rà níhìn-ín, ọgbọ́n rumbu tó wa.

Èyí ni ìlànà tí a gbé ka iwájú yín.

Èkíní, kí òjò tó dé, kí a kó gbogbo ẹrù jáde, kí a fọ̀ ọ́, kí a sá a títí yóò fi gbẹ. Kí a yẹ páànù wò, kí a sì dí gbogbo ojú ìṣó. Ìbòrí kì í ṣe oògùn òrùlé tí ń jò.

Èkejì, kí a gbé tírélà sí ibi gíga, kí ó jìnnà sí gọ́tà àti abẹ́ igi máńgòrò. Gbogbo wa gbọ́ bí omi ti ya bo ilé àti ọkọ̀ ní Trademore ní Lugbe ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Kí a fi búlọ́ọ̀kù gbé e kúrò nílẹ̀, kì í ṣe igi, nítorí ikán. Kí iwájú ga ju ẹ̀yìn díẹ̀, kí omi lè ṣàn.

Ẹ̀kẹta, kí a fi ọparun ṣe igi àjà sí òkè rẹ̀, kí a sì ta tapolíìnì tí ó nípọn lé e bí òrùlé. Bí tapolíìnì bá tẹ̀ kòtò, omi a dúró. Omi tí ó gùn ní mítà kan, tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 10, kílógírámù 100 ni ó wọ̀n: àpò sìmẹ́ǹtì méjì lórí páànù wa!

Ẹ̀kẹrin, kí etí tapolíìnì má ṣe kan ilẹ̀. Kí ó fi ẹsẹ̀ bàtà méjì jìnnà sí i. Kí a ṣí fèrèsé kékeré méjèèjì sílẹ̀, kí a fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò wọ́n. Kí a fi rọ́bà inú táyà so ó mọ́ èèkàn, nítorí pé ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ń já okùn tí kò lè fà. Kí a fi àkísà di gbogbo igun.

Ẹ̀karùn-ún ni ó ṣe pàtàkì jù: kí ojú ènìyàn máa wà lára rẹ̀. Ohun tí gbogbo wa ni, olúkúlùkù a máa rò pé ẹlòmíràn ń wò ó. A bẹ̀ yín, kí Kubwa, Nyanya, Lugbe àti Gwagwalada gba oṣù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé.

Owó tí a ná láti tún un ṣe ju owó ọparun àti tapolíìnì lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. A ń bẹ ìpàdé yìí kí ó fọwọ́ sí ìnáwó náà lónìí, kí òjò tó bá wa. Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Ní ìlú tí kì í ṣe ti baba wa, kànópì yìí ni ilé tí a ń gbà jáde sin òkú wa, tí a sì ń gbà ṣe ọmọ wa lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kí opó mìíràn ránṣẹ́ sí wa, kí a tún dáhùn pé ó ti bu.