Ẹja àrọ̀ nínú tapólì lẹ́yìnkùlé: ohun tójú mi rí ní Jos

Ohùn kìíní

Alága ló ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ẹja tí mò ń sìn, torí àwọn tó ti pè mí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti béèrè ti tó mẹ́jọ. Ọ̀rọ̀ náà dẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ owó báyìí. Àjọ wa máa yọ níparí oṣù, àwọn kan ti ń sọ pé ẹja làwọn máa kó tiwọn sí. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí, kí kálukú wá fọgbọ́n orí ẹ̀ ṣe é.

Àkọ́kọ́ ná, kí ló dé tó jẹ́ tapólì? Ilé onílé lọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé. Tẹ́ ẹ bá fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tánkì ẹja lónìí, lọ́jọ́ tí láńlọ́ọ̀dù bá ní kẹ́ ẹ kó jáde, ó di tiẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dẹ̀ ti pẹ́ ní Jos mọ̀ pé ọjọ́ téèyàn máa kẹ́rù kì í sọ tẹ́lẹ̀. 2001 àti 2008 ò tíì kúrò lọ́kàn wa. Ti tapólì yàtọ̀. Ẹ máa fi igi tàbí irin ṣe férémù, ẹ máa tẹ́ ẹ sínú ẹ̀, ẹ máa dè é. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ da omi nù, ẹ ká a, ó wọnú búùtù.

Ilẹ̀ Jos lókùúta, torí náà àwọn àpò ìrẹsì tó ti ṣófo ní ṣọ́ọ̀bù ni mo tẹ́ sísàlẹ̀, ìpele mẹ́ta, kí òkúta má bàa lu tapólì. Gígùn tèmi jẹ́ mítà 3, fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ mítà 2, gíga ẹ̀ jẹ́ mítà 1. Mi ò bomi kún un dẹ́nu, sẹ̀ǹtímítà 80 ni mo bù ú dé. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: 3 lọ́nà 2 lọ́nà 0.8, ó jẹ́ 4.8. Ìyẹn ni líta 4,800. Tó bá jẹ́ kẹ́ẹ̀gì onílíta 25 tí mẹruwa ń tì kiri ni, kẹ́ẹ̀gì 192 nìyẹn. Ọmọ ẹja 200 ni mo kó sí i. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, torí gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, orí omi ló dá lé.

Ohùn kejì

Ẹ má bínú, ọlọ́jà kan ló pè mí. Ibi omi la dé.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa rò pé ẹja lòun ń sìn. Rárá o, omi lèèyàn ń sìn. Tómi bá dáa, ẹja á tọ́jú ara ẹ̀. Tapólì tuntun máa ń rùn. Mo bomi sí i, mo fi sílẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta, mo dà á nù, kí n tó bu òmíì sí i. Omi bọhóòlù, abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń bọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ní atẹ́gùn nínú, ẹ jẹ́ kó máa já láti òkè kó máa ta. Omi ẹ̀rọ ìjọba, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò wà nínú ẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀ láìdé fún ọjọ́ kan sí méjì kẹ́ ẹ tó lò ó fẹ́ja.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹja ń jẹ, ó ń yàgbẹ́, inú omi tó ń gbé náà ni gbogbo ẹ̀ ń lọ. Ìdọ̀tí yẹn ló ń di amóníà, irú òórùn tó ń ta èèyàn nímú ní ilé ìtọ̀. Májèlé ni fẹ́ja. Nínú tánkì tó ti pẹ́, àwọn kòkòrò kan wà tójú ò lè rí, ara ògiri tánkì ni wọ́n ń gbé, àwọn ló ń jẹ amóníà yẹn. Wọ́n á sọ ọ́ di nǹkan míì tóun náà ṣì jẹ́ májèlé, àwọn kòkòrò míì á wá jẹ ìyẹn, wọ́n á sọ ọ́ di ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ lè pa ẹja. Nínú tánkì tuntun, àwọn òṣìṣẹ́ yìí ò tíì dé. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó ohun tó ń ṣiṣẹ́. Oṣù àkọ́kọ́ yẹn gan-an ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nídìí ẹja.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni tèmi dé. Ìyàwó mi ló jí lọ síbẹ̀ láàárọ̀, ó ní, "Ẹ wá wo nǹkan o, gbogbo wọn ló nàró." Lóòótọ́ ni. Àrọ̀ máa ń wá sókè gba atẹ́gùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí gbogbo wọn gbé orí sókè kí wọ́n máa yanu, kéèyàn gbá férémù kí wọ́n má sá, kì í ṣe àlàáfíà. Bàbá kan tí wọ́n ti sin ẹja pẹ́ ládùúgbò wa ni mo sáré lọ bá. Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ ra oògùn kankan. Wọ́n ní kí n dá oúnjẹ dúró, kí n fa ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà jáde láti ìsàlẹ̀ níbi tí ìdọ̀tí wà, kí n bu tuntun sí i, kí òtútù méjèèjì jọra. Wọ́n ní tí mo bá da gbogbo ẹ̀ nù lẹ́ẹ̀kan, ìpayà yẹn nìkan tó pa wọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe é. Ẹja 11 kú. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n jẹun.

Ẹ wá gbọ́ ìnáwó tó wà níbẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta omi mi jẹ́ líta 1,600, kẹ́ẹ̀gì 64. Tíná bá wà, bọhóòlù á gbé e. Ọ̀sẹ̀ kan wà tíná lọ fọ́jọ́ márùn-ún gbáko, ọ̀dọ̀ mẹruwa ni mo ti ra gbogbo ẹ̀. Ẹ fi 64 sọ iye tí wọ́n ń gba kẹ́ẹ̀gì kan ládùúgbò yín di púpọ̀, ẹ wá rántí pé ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta la ń pààrọ̀ ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Tẹ́ja bá dàgbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́. Ilé tí kò bá ní kànga tàbí bọhóòlù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lábàá rárá. Omi tá a ń fà jáde ò ṣòfò ṣá, ẹ̀fọ́ la fi ń bomi rin, ẹ̀fọ́ náà dẹ̀ mọ̀ pé òun jẹun.

Ti òtútù ńkọ́? Jos ga ju mítà 1,200 lọ, ẹ̀yin náà mọ bí December ṣe ń rí. Omi tó bá móoru tó dígíríì 26 sí 30 ni àrọ̀ fẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, tẹmómítà mi ka 17. Ẹja ò ku, ṣùgbọ́n kò jẹun, oúnjẹ téèyàn bá dà sí i, á jẹrà ni, á tún di amóníà. Mo fi ọ̀rá bò ó lálaalẹ́, aago 11 àárọ̀ sí aago 3 ọ̀sán nìkan ni mò ń fún wọn lóúnjẹ, ìwọ̀nba tí wọ́n bá lè jẹ tán. Fún bí oṣù méjì, wọn ò sanra. Ohun tí ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń fi oṣù márùn-ún sí mẹ́fà ṣe nílé, oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe é. Ẹni tó bá máa ṣe é ní Jos, kó kó ọmọ ẹja wọlé ní March, kó ti tà á kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ̀yin ará Port Harcourt, ẹ ò ní wàhálà tòtútù yìí.

Ohùn kẹta

Èyí tó kù ò pọ̀. Àrọ̀ ń jẹ ara wọn. Èyí tó bá yára dàgbà á gbé àbúrò ẹ̀ mì, ẹ ò ní rí òkú, ẹ kàn máa rí i pé iye ti dín ni. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ méjì méjì la ń fi àwọ̀n kó wọn, tá a ń ṣa àwọn ńlá sọ́tọ̀ sínú tánkì kékeré kan. Síbẹ̀, nínú 189 tó kù, 171 la tà. Gbogbo ẹ̀ wọn kílò 154. Àpò oúnjẹ onílò-kílò 15, mẹ́tàlá ni wọ́n jẹ.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ wò ó: ẹ fi àpò 13 pín kílò 154, àpò kan ń fún wa ní kílò ẹja bíi 12. Torí náà, lọ́jọ́kọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹja máa pé, ẹ béèrè iye àpò oúnjẹ kan, ẹ fi 12 pín in. Ohun tẹ́ ẹ bá rí ni owó oúnjẹ tó wà nínú kílò ẹja kan. Ẹ wá lọ béèrè iye tí àwọn tó ń ta point-and-kill ń ra kílò kan. Ohun tó bá ṣẹ́ kù láàárín méjèèjì ló máa gbé ọmọ ẹja, omi, tapólì, àti àwọn tó bá kú. Tó bá tín-ínrín, ẹ fowó yín sílẹ̀ lọ́jà. Ẹni tó bá ní kóun yan án kó lè pẹ́ nílẹ̀, kó mọ̀ pé tútù kílò 3 sí 4 ló ń di gbígbẹ kílò kan.

Tèmi, owó mi wọlé padà. Èrè tó wà lórí ẹ̀ ò ju owó àpò oúnjẹ mẹ́ta lọ, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ. Ẹni tó fi owó kan náà ra ọjà, ó lè ti yí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín àsìkò yẹn. Ìdí tí mo fi ń bá a lọ ni pé omi wà nílé mi, ìyàwó mi wà nílé lọ́sàn-án, tapólì dẹ̀ ti wà nílẹ̀, èkejì yìí ò ní ná mi tó tàkọ́kọ́.

Torí náà, lórí ọ̀rọ̀ àjọ: ẹ má kó gbogbo ẹ̀ sínú omi. Ẹni tó bá wù, kó fi ẹja 50 bẹ̀rẹ̀, nínú owó tí kò ní pa ṣọ́ọ̀bù lára tí kò bá padà. Ẹni tó bá máa yá owó kó tó ra oúnjẹ ẹja, kó má ṣe é. Oúnjẹ ẹja ò mọ̀ pé ọjà ò tà lọ́sẹ̀ yìí, bílẹ̀ bá ti mọ́, ẹja á jẹun.

Ẹni tó bá fẹ́ wá wò ó, ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn ló dáa jù, ẹ kọ́kọ́ pè kẹ́ ẹ tó máa bọ̀. Ẹ kọ ìbéèrè yín síbí, kí gbogbo wa lè jọ rí ìdáhùn ẹ̀. Ọlọ́run á bù sí òwò wa, a ò ní fi tọwọ́ wa ṣòfò.