Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ ÌTỌ́JÚ ABO AJÁ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ RẸ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú)

Bí a bá dárúkọ ìlọsíwájú ìlú, títì àti omi ẹ̀rọ ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ajá tí ń rìn gbéregbère lójúde wa kò yẹ ní fífojúfò. Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn ń bi àwa olùkọ́ nípa rẹ̀ pọ̀. A ó dáhùn díẹ̀ nínú wọn.

Èkíní: ìgbà wo ni abo ajá máa ń gba akọ? Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ojú ara rẹ̀ a wú, ẹ̀jẹ̀ a sì máa kán fún bí ọjọ́ 9. Ẹni tí kò bá fẹ́ ọmọ, kí ó tì í mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ 3 gbáko. Kí ó má ṣe tú u sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dá, nítorí ìgbà náà gan-an ni oyún ń dúró.

Èkejì: báwo ni oyún rẹ̀ ti ń pẹ́ tó? Bí ọjọ́ 63 ni. Bí ó bá ń rọbí kíkankíkan fún ìdajì wákàtí tí ọmọ kò jáde, dókítà ẹran ni kí a sáré pè. Bí ó bá ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń le gan-an nígbà tí ó ń fún ọmọ lọ́mú, kì í ṣe ọwọ́ ayé: kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó lọ sílẹ̀. Yóò sàn bí a bá tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ̀kẹta: ṣé dandan ni kí abo ajá bímọ lẹ́ẹ̀kan kí ara rẹ̀ tó le? Rárá o. Abo tí ó ti dàgbà a tilẹ̀ máa ní ọyún nínú ilé-ọmọ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí ó rí ẹ̀jẹ̀. Àìjẹun àti omi mímu lámujù wà lára àmì rẹ̀, ó sì ń pa ajá. Iṣẹ́ abẹ tí a fi ń yọ ilé-ọmọ kúrò ni ó ń dènà rẹ̀.

Èyí tí ó wúwo jù lọ nìyí. Orí ààtàn ni a ń ju àwọn ọmọ ajá tí a kò fẹ́ sí. Èyí tí ó bá yè níbẹ̀ a di ajá tí kò lólúwa, tí kò gba abẹ́rẹ́. Àṣẹ̀yìnwá àṣẹ̀yìnbọ̀, àwọn ọmọ wa tí ń lọ sí ilé-ìwé ni yóò gé jẹ. Àrùn dìgbòlugi kò sì ní ìwòsàn bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn. Ẹni tí ajá bá gé jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ Ẹgbẹ́ wa pé kí a ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, kí a pe dókítà ẹran wá sí ìlú, kí gbogbo ajá tí ó ti pé oṣù 3 lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ nítorí àrùn yìí, bá a mu. Kí ẹ̀yin ará wa lẹ́yìn odi fi owó ràn wá lọ́wọ́.

Àwọn baba wa ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Fèrè ti dún. Kí ìlú wa gbọ́ o.