Ara Tó Fi Díẹ̀ Kún: Ṣé Ká Dín In Kù, Àbí Ká Fi Í Sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún

  

Lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ owó la máa ń sọ níbi báyìí: iye tó wà nílẹ̀, ẹni tó yá, ẹni tó san, ẹni tí ò tíì san. Akápò ti ka ìyẹn tán, a ò ní tún un kà. Lọ́dún yìí, ìgbìmọ̀ ní ká sọ̀rọ̀ ara wa díẹ̀. Aṣọ tó wà lọ́rùn wa yìí ló fà á. Nígbà tí àwọn télọ̀ wá wọn wá fún aǹkárá àjọ̀dún, ìwé tí wọ́n fi wọn wá lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ ò yí padà ò pọ̀ nínú wa. Ẹlòmíì fi ínǹṣì méjì kún, ẹlòmíì mẹ́rin. Ẹ rántí ariwo tó sọ ní ìlà àwọn aláṣọ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ń jó, wọ́n ní ọjà ló ń gbè wọ́n. Àwọn kan búra pé láti ọjọ́ kejì lọ, àwọn ò ní fẹnu kan ẹ̀bà mọ́. Nínú ẹni tó ń jó àti ẹni tó ń búra, kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ohun tó fi kún yẹn tó nǹkan téèyàn ń bá jà. Ìbéèrè yẹn la fẹ́ yẹ̀ wò.

A ò sọ̀rọ̀ ẹni tó sanra débi pé mímí ń ni í lára o. Dókítà ló ni ìyẹn. Ti kílò mẹ́ta, kílò márùn-ún, kílò mẹ́fà tó rọra wọlé là ń sọ.

Bó ṣe ń wọlé ò ṣòro láti mọ̀. Láti aago méje àárọ̀ la ti ń jókòó sí ìsọ̀. Ẹrù tí a ń fúnra wa gbé nígbà tí a wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, alábàárù ló ń bá wa gbé e báyìí. Oníbúrẹ́dì ń kọjá, alákàrà ń kọjá, ọmọ tó ń ta mínírà tútù ò sì jìnnà. Oúnjẹ gidi kì í wọ ẹnu ọ̀pọ̀ wa títí a ó fi délé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, àmàlà tàbí fùfú la wá ń gbé sùn. Bí ọjọ́ orí bá sì ti ń lọ, tí nǹkan oṣù fẹ́ dáwọ́ dúró, ẹran ara á máa dínkù, ọ̀rá á máa kún, èyí tó ń lọ sí ìdí àti itan tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ikùn. Ìdajì kílò lọ́dún kan, kò sẹ́ni tó lè fojú rí i. Lọ́dún mẹ́wàá, kílò márùn-ún ni.

Ká má sì tan ara wa, inú wa ń dùn sí i. Bí a bá pàdé ẹni tó ti pẹ́ tí a rí, tí a ní "ara yín mà dán o, ẹ ti sanra," oríire la kí i. Bí a bá ní "kí ló ṣe yín tí ẹ rù báyìí?" àánú là ń ṣe é. Nínú ọjà, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ kó ọjà àwìn fún ọ á kọ́kọ́ wo ara rẹ. Ara tó kún, owó ló ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ti fún wa láyè láti sọ ọ́, a ò sì ní dárúkọ. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, mítà 1.60 ni gíga rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́fà, ó kúrò ní kílò 66, ó di kílò 72. Ara ò ro ó, ó ń sùn, ó ń jí, kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọn ikùn rẹ̀, ínǹṣì 36 ni. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń bọ́ sí nǹkan bíi 148 lórí 94. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àmọ́ ó ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀: kó dín iyọ̀ kù, kó máa rìn, kó gbìyànjú láti dín kílò mẹ́rin tàbí márùn-ún kù, kó sì máa padà wá kí wọ́n lè mọ̀ bóyá oògùn ló kàn. Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣe é. Kílò márùn-ún lọ, ìfúnpá bọ́ sí 134 lórí 84. Ayọ̀ ló yẹ kó jẹ́.

Nígbà tó wá béèrè ẹ̀yáwó láti fi kó ọjà ọdún, ọ̀kan nínú onídùúró rẹ̀ yẹra. Ó ní, "Ẹ ò rí bó ṣe gbẹ ni? Ọjà ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́." Àwọn míì sọ ọ́ di àìsàn tí wọn kì í dárúkọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo kò pa jẹ nínú owó ìfipamọ́ rẹ̀. Ìwé wà níbẹ̀, ọwọ́ wa la fi kọ ọ́. Ó dùn ún débi pé ó ti fẹ́ lọ ra oògùn amúnisanra tí wọ́n ń kiri nínú ọjà. Dexamethasone wà lára ohun tí àwọn èèyàn ń gbé mì bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń gbé ṣúgà àti ìfúnpá sókè. Ohun tó fi oṣù mẹ́jọ lé jáde ló fẹ́ fowó rà padà. Ọpẹ́ ni pé ó kọ́kọ́ bá wa sọ̀rọ̀. Ìgbìmọ̀ wo ìwé rẹ̀, onídùúró míì dìde, ó gba owó, ó sì ti san án tán.

Ẹnì kejì, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Òun náà fi kílò márùn-ún kún, láti 58 sí 63, mítà 1.64 sì ni gíga rẹ̀. Ikùn rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 31, ìfúnpá rẹ̀ 118 lórí 76, ṣúgà ò ní wàhálà, agbọ̀n tòmátì ò sì wúwo lórí rẹ̀. Búláòsì ọjọ́sí tí ò wọlé mọ́ ni gbogbo ohun tó ń bà á nínú jẹ́. Ó ra tíì tí wọ́n ní ó ń fọ ọ̀rá, ó sì tún ń febi pa ara rẹ̀ lé e. Ìgbẹ́ gbuuru mú un, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú sídìí ọjà rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi jáde, tòmátì sì jẹrà. Ọ̀pọ̀ irú tíì bẹ́ẹ̀, ewé tó ń mú ìgbẹ́ wá ló wà nínú wọn. Omi ara ni wọ́n ń fà jáde, ọ̀rá wà níbi tó wà. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń dọ́gbọ́n po sibutramine mọ́ irú ọjà bẹ́ẹ̀, oògùn tí ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà mú kúrò lọ́jà ní 2010 nítorí ohun tó ń ṣe fún ọkàn.

Kílò mẹ́fà, kílò márùn-ún. Iye náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìdájọ́ wọn ò dọ́gba rárá. Ti ẹni àkọ́kọ́ tó ohun téèyàn ń lé. Ti ẹnì kejì, lójú tiwa, kó fi sílẹ̀, kó kàn máa ṣọ́ ọ kó má di mẹ́wàá.

Ibi tó jókòó sí ló fa ìyàtọ̀. Ọ̀rá ìdí àti itan kì í fi bẹ́ẹ̀ pani lára. Èyí tó ká ìfun àti ẹ̀dọ̀ mọ́ nínú ikùn ló ń da ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ rú. Nítorí náà, kí ẹ tó gorí òṣùwọ̀n, ẹ mú okùn. Ẹ fi wọn gíga yín láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, ẹ gé e, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ẹ wá fi yí ikùn ká díẹ̀ lókè ìdodo. Ẹ má fa ikùn wọlé o, a mọ yín! Bí okùn náà bá yí i ká, ó dáa. Bí kò bá dé, ẹ lọ wọn ìfúnpá àti ṣúgà. Ní 2022, àjọ NICE tó ń tọ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ́nà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: kí àyíká ikùn àgbàlagbà má tó ìdajì gíga rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tirẹ̀ sọ pé fún obìnrin, láti sẹ̀ǹtímítà 80 ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀, tó bá sì ti kọjá 88, ìyẹn bí ínǹṣì 35 lórí téèpù télọ̀, ewu náà ti pọ̀. Ẹ̀yin ọkọ wa tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, tiyín jẹ́ 94 àti 102, okùn kan náà la ó sì fi wọ̀n yín.

Àwọn onímọ̀ pàápàá ti bára wọn jiyàn lórí ẹni tó sanra díẹ̀. Fún ẹni tó ga tó mítà 1.60, kílò 64 sí 77 ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wa sì wà níbẹ̀. Ní 2013, àkójọ ìwádìí 97 jáde nínú JAMA, ìwé àwọn dókítà Amẹ́ríkà, pé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í tètè kú ju ẹni tó wà ní ìwọ̀n lọ, kódà pé tiwọn dínkù díẹ̀. Ní 2016, àkójọ míì tó tóbi jù ú lọ, ìwádìí 239, jáde nínú The Lancet. Àwọn yẹn yọ ẹni tó ń mu sìgá àti ẹni tí àìsàn ti wà lára rẹ̀ kúrò, torí pé sìgá àti àìsàn máa ń múni rù, wọ́n sì rí i pé ewu wà, àmọ́ pé kékeré ni níbẹ̀rẹ̀, bí ara bá ṣe ń kún sí i ló ń ga. Àwa gba ti ẹ̀yìn yìí gbọ́. Òun náà ò sì ní kí ẹnikẹ́ni torí kílò mẹ́ta pa ara rẹ̀.

Bó bá wá yẹ ká dín in kù, ìwọ̀nba díẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó àwọn èèyàn tó ju 3,000 jọ, tí ara wọ́n ti kún, tí ṣúgà wọn ti ń gòkè, àmọ́ tí kò tíì di àtọ̀gbẹ. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn dín ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn kù, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Èsì jáde ní 2002: láàárín bí ọdún mẹ́ta, àtọ̀gbẹ tó bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù sí ti àwọn tí a kò fún ní irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tó wọn kílò 70, ìdá méje yẹn ò pé kílò márùn-ún. Ní ti ìfúnpá, kílò kọ̀ọ̀kan tó bá lọ máa ń mú bí oókan kúrò lórí rẹ̀. Ẹ̀yin tí orúnkún ń ro, ìwádìí kan ní 2005 fi hàn pé kílò kan tó bá kúrò lára, bíi kílò mẹ́rin ló ń fò kúrò lórí orúnkún ní gbogbo ìgbésẹ̀. Ẹ ka ìgbésẹ̀ láti ibùdókọ̀ dé ìsọ̀ yín.

Ọ̀nà rẹ̀ ò le. Mínírà la ó kọ́kọ́ mú kúrò: ìgò 50cl kan lè ní ṣúgà tó lé ní gíráàmù 50, kò sì yóni. Ká jẹun ọ̀sán gidi nínú ọjà, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀fọ́ àti ẹja, kí òkèlè alẹ́ lè dínkù fúnra rẹ̀. Ká yí ọjà po fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí a tó ṣí ìsọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. 150 yẹn ti pé. Ìdajì kílò lọ́sẹ̀ ti tó, kódà ìdajì kílò lọ́sẹ̀ méjì. Aláboyún àti ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti kọjá ọdún 65, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ ná, torí ẹran ara àti egungun máa ń bá ọ̀rá lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ń rù láìṣe pé ó ń dín oúnjẹ kù, kó má dúpẹ́ o, kó lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Àtọ̀gbẹ àti ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó kù jẹ́ ti ìgbìmọ̀. Ohun méjì la ti fẹnu kò lé lórí. Láti ìpàdé tó ń bọ̀, okùn àti téèpù á wà lórí tábìlì akápò, nọ́ọ̀sì kan á sì máa wọn ìfúnpá kí a tó gba owó. Nínú ìwé tirẹ̀ ni wọ́n á ti kọ ti oníkálukú, a ò ní kà á sókè. Ìkejì, onídùúró tó bá fẹ́ yẹra kúrò lẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ìwé ìfipamọ́ ẹni náà ni kó fi ṣe ẹ̀rí. Bí ó bá ní ó ti rù, tàbí ó ti gbẹ, a ò ní kọ ọ́ sílẹ̀.

  Oúnjẹ ti délẹ̀, ẹ̀fọ́ rírò pọ̀ níbẹ̀, omi tútù náà sì wà.