Ìbò Tí A Kò Dì: Ọ̀ràn Aṣojú Nílẹ̀ Ẹ̀gbá

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: bí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò bá dìbò, ta ni aṣojú ń ṣojú fún?

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn ní Abẹ́òkúta. Láti ọdún 1947, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣíwájú wọn, kọ̀ láti máa san owó orí nígbà tí wọn kò ní ẹnu nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso ìlú. Ọ̀ràn náà le tó bẹ́ẹ̀ tí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní 1949, kí ó tó padà ní 1950. Ohun tí wọ́n jà fún ni pé kí ẹni tí ń sanwó ní ohùn.

Báwo ni a ṣe ń lo ohùn náà? Nínú ìdìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 2023, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ lé ní 2,680,000. Ẹni tí ó wọlé ní ìbò 276,298; ẹni tí ó tẹ̀ lé e ní 262,383. Nínú 100 tí ó forúkọ sílẹ̀, nǹkan bí 10 péré ni ó yan gómìnà. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu ẹnikẹ́ni, nítorí òfin wa kò sọ iye olùdìbò tí ó gbọ́dọ̀ pé kí èsì tó dúró. A lè ní orúkọ òkú àti ti ẹni tí ó ti kó lọ wà nínú ìwé náà. Ẹ jẹ́ kí a yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò. Síbẹ̀, wọn kò ní tó 15 nínú 100.

Olóṣèlú mọ ìṣirò. Níbi tí olùdìbò bá ti kéré, owó díẹ̀ tó láti fi ra wọn. Kò sí ìdí tí yóò fi dé abà Ọ̀dẹ̀dá tàbí ọjà Ìtòkú láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn aráàlú. Àwọn tí ó kó wá síbi àpótí ni ó jẹ ní gbèsè, àwọn náà ni yóò sì san án fún.

Àwọn kan ní ìdákẹ́jẹ́ àwọn jẹ́ ìbáwí fún ìjọba. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í ka ìbò tí a kò dì. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Àmọ́ ẹ̀bi náà kì í ṣe ti aráàlú nìkan. A ń dá ọkọ̀ dúró lọ́jọ́ ìdìbò; báwo ni ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ ní Èkó, tí ó ń gbé ní Abẹ́òkúta, yóò ṣe débẹ̀? Ìjọba tí ó bá fẹ́ kí a dìbò ní láti la ọ̀nà rẹ̀. Àwa náà ní láti rìn ín.