Ẹwà Pọ̀, Ìwà Dín: Ọ̀rọ̀ Lórí Ètò Tó Ń Darí Kọ̀ǹpútà Wa

 

Ìwé pélébé kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ kíbọọ̀dù ìyá kan tó jẹ́ akọ̀wé ní ẹ̀ka tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ni ìwé náà máa ń wà. Ó ti kọ gbogbo ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe kó tó lè tẹ ìbéèrè ìdánwò jáde sórí rẹ̀, láti orí ìkíní dé ìkẹjọ: tẹ ibí, lọ sí tọ̀hún, mú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ó ti fi bírò pupa pa ìlà kẹta, ìkẹrin àti ìkeje rẹ́, ó ti kọ òmíràn sórí wọn, ó sì tún ti pa òmíràn náà rẹ́. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹ má bínú, Dókítà. Wọ́n tún ti ṣe update lóru àná, n kò mọ ibi tí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sí mọ́. Ọpọlọ mi ló ti ń darúgbó."

Ó ti lé lógún ọdún tí ìyá yìí ti ń lo kọ̀ǹpútà. Ọpọlọ rẹ̀ kò ṣe ohunkóhun. Ẹni tó wọ ilé rẹ̀ lóru, tó gbé ìkòkò rẹ̀ kúrò lórí ààrò lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ló yẹ ká bi léèrè. Ohun tó dùn mí jù ni pé ara rẹ̀ ló dá lẹ́bi, kò dá ẹni tó wọlé lẹ́bi. Nítorí irú rẹ̀ ni mo ṣe dìde sọ̀rọ̀ lónìí.

Ilẹ̀ tí à ń rìn lórí rẹ̀

Bí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, ètò kan wà tó máa ń jí ṣáájú gbogbo ètò yòókù. Òun ló ń pín mẹ́mọ̀rì fún wọn, òun ló ń tọ́jú fáìlì, òun ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, òun náà ló ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè é ní operating system. Èmi yóò máa pè é ní ètò adarí. Windows tí Microsoft ṣe àti macOS tí Apple ṣe ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Kò wọ́pọ̀ kí èèyàn ra kọ̀ǹpútà tìtorí ètò adarí. Lẹ́tà la fẹ́ kọ, owó la fẹ́ ṣírò, àwòrán ọmọ la fẹ́ tọ́jú. Ètò adarí dà bí ilẹ̀ ilé. Bí ilẹ̀ bá dára, ẹni tó ń rìn lórí rẹ̀ kì í wo ẹsẹ̀. Ọjọ́ tó bá di pé à ń wo ẹsẹ̀ ká tó gbé e, ilẹ̀ ti sán.

Àwọn àgbà wa ní ìwà lẹwà. Wọn kò sọ pé ẹwà kò dára. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tí ò ṣeé gbára lé, bó ti wù kí ojú rẹ̀ gún tó, a ò lè bá a gbélé. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí: ọgbọ́n ètò adarí ń pọ̀ sí i, ẹwà rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ ń bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

N kò wá yin ayé àtijọ́ ju bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá lo Windows 95 tàbí 98 rántí bí ojú kọ̀ǹpútà ṣe ń di búlúù lójijì, tí iṣẹ́ wákàtí méjì á sì bá a lọ. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2003, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Blaster ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ Windows XP láìjẹ́ pé ẹni tó ni kọ̀ǹpútà tẹ ohunkóhun. Ti òde òní kì í dákú bẹ́ẹ̀ mọ́, ààbò rẹ̀ sì le ju ti ìgbà náà lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹrù tó dì lérí. Ní 1995, Niklaus Wirth, ọ̀mọ̀wé ọmọ Switzerland tó dá èdè kọ̀ǹpútà Pascal sílẹ̀, kọ àròkọ kan láti bẹ àwọn tó ń kọ ètò pé kí wọ́n dín ẹrù rẹ̀ kù. Ó ṣàkíyèsí pé bí ẹ̀rọ ṣe ń yára sí i tó, bí ètò ṣe ń fà sẹ́yìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún náà gan-an ni Windows 95 jáde. Mẹ́gábáìtì 4 ni mẹ́mọ̀rì tó kéré jù tí Microsoft ní ó lè fi ṣiṣẹ́. Windows 11 tó jáde lọ́dún 2021 ń béèrè gígábáìtì 4. Ìlọ́po ẹgbẹ̀rún nìyẹn. Apá kan ẹrù náà ní ìdí: àwòrán tó mọ́lẹ̀ kedere, ààbò, oríṣiríṣi èdè. Síbẹ̀, ìyá akọ̀wé tó fẹ́ tẹ ojú ìwé méjì jáde kò rí ibi tí èyí tó kù lọ.

Àmì mẹ́ta

Mo fẹ́ fi àmì mẹ́ta hàn yín tí mo fi mọ̀ pé ìwà ló ń bàjẹ́.

Àkọ́kọ́ ni àìka ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ sí. Láti 1995 ni bọ́tìnnì Start ti wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì. Fún ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọwọ́ aráyé ń lọ síbẹ̀ láìbi ojú. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2012, Windows 8 dé láìsí bọ́tìnnì náà, nítorí pé Microsoft fẹ́ kí kọ̀ǹpútà orí tábìlì jọ èyí tí à ń fi ìka tẹ̀ lójú. Ariwo ta, ọdún kan lẹ́yìn náà wọ́n dá a padà nínú Windows 8.1. Ẹ ó rò pé wọ́n ti kọ́gbọ́n. Nígbà tí Windows 11 tún dé, ẹni tó ti mọ́ lára láti gbé taskbar rẹ̀, ìlà tí bọ́tìnnì Start wà lórí rẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sókè rí i pé kò ṣeé gbé mọ́, bẹ́ẹ̀ ó ti ṣeé gbé láti ayé Windows 95.

Ìkejì ni ìkánjú, ibẹ̀ sì ni n ó ti dúró díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì oṣù Kẹwàá ọdún 2018, Microsoft gbé update ńlá kan jáde fún Windows 10. Àwọn kan wà tí wọ́n ti gbé fódà Documents wọn lọ sórí díráìfù mìíràn kí àyè lè gbà wọ́n, ṣùgbọ́n tí fáìlì ṣì kù sínú fódà àtijọ́. Update náà rí fódà méjì tí orúkọ wọn bára mu, ó ka ti àtijọ́ sí ohun tí kò wúlò mọ́, ó pa á rẹ́ tòun ti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n dá pípín rẹ̀ dúró, ó sì di oṣù Kọkànlá kí wọ́n tó tún gbé e jáde. Microsoft ní ẹyọ kan nínú ẹgbàárùn-ún èèyàn ló fi ẹ̀sùn náà sùn. Lójú ẹni tí àwòrán ìsìnkú bàbá rẹ̀ lọ níbẹ̀, kò sí ìṣirò tó lè sọ ẹyọ kan di òfo.

Ohun tó yẹ kó dun olùkọ́ tó wà níbí jù ni pé àwọn olùyọ̀ǹda tó ń dán an wò ti ké gbàjarè kó tó jáde. Ẹ̀sùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá fọwọ́ sí ló máa ń hàn síta. Ẹ̀sùn tiwọn kò rí èèyàn púpọ̀ fọwọ́ sí i, ó rì. Ẹ̀yìn ìjàǹbá náà ni wọ́n tó fi àyè kún ìwé ẹ̀sùn kí èèyàn lè sọ bí ọ̀ràn rẹ̀ ṣe le tó. Apple náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìkánjú. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2017, wọ́n rí i pé ẹni tó bá kọ orúkọ "root" sínú macOS High Sierra, tó fi àyè ọ̀rọ̀ aṣínà sílẹ̀ lófìfo, tó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta, á di olúwa kọ̀ǹpútà náà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n dí ihò náà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ìkẹta ni pé ìránṣẹ́ ti fẹ́ di onílé. Windows 11 ti ilé, bí Microsoft ṣe là á sílẹ̀, ń béèrè íntánẹ́ẹ̀tì àti àkáǹtì Microsoft kó tó jẹ́ kí ẹni tó fowó ra kọ̀ǹpútà wọlé nígbà àkọ́kọ́. Lóṣù Kẹrin ọdún 2024, ìpolówó ètò tí a ò béèrè bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú nínú àkójọ Start. Lóṣù Karùn-ún ọdún náà, wọ́n kéde Recall, tí yóò máa ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà wa léraléra, tí yóò sì máa tò ó pamọ́. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ ààbò pariwo ni wọ́n dá a dúró, tí wọ́n sì ní ẹni tó bá fẹ́ nìkan ni yóò máa tàn án.

Kí ló fà á?

Àwọn ẹnjinníà ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé ló yí padà. Láyé Windows 95, ẹni tó ta ètò náà ní láti fi ìwà rẹ̀ tọrọ owó wa lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́dún mélòó kan. Lọ́dún 2015, Microsoft fi Windows 10 ta àwọn tó ń lo Windows 7 àti 8.1 lọ́rẹ fún ọdún kan. Ọ̀fẹ́ dùn, ṣùgbọ́n owó gbọ́dọ̀ ti ibòmíràn wọlé: láti ara àkáǹtì, láti ara ibi ìpamọ́ tí à ń sanwó fún lóṣooṣù, láti ara ìpolówó. Bí ilẹ̀ ilé ṣe di ọjà nìyẹn, ọjà kì í sì í jẹ́ kí onílé sinmi.

Ṣáájú ìyẹn, lọ́dún 2014, Microsoft kéde pé òun yóò dá òṣìṣẹ́ tó tó 18,000 dúró. Àwọn tó ti Nokia wá ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti dán ètò wò wà nínú wọn. Lọ́dún náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda sílẹ̀ kí aráàlú máa bá wọn dán Windows wò. Olùyọ̀ǹda wúlò, àmọ́ ohun tó bá wù ú ló ń dán wò. Ẹni tí à ń sanwó fún ló ń dán ohun tó súni wò, inú ohun tó súni sì ni ewu ń sápamọ́ sí.

Àǹfààní tí a kò gbọ́dọ̀ sẹ́

Ẹnìkan lè ní, "Ṣé ká má ṣe update mọ́ ni?" Rárá o. Lóṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe jáde fún ihò kan nínú Windows. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba inú ihò náà wọlé káàkiri ayé, ó ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ń gba owó ìtúsílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìwòsàn ní láti dá aláìsàn padà sílé. Ẹni tó ti gba àtúnṣe kò fara gbá. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Bí oògùn bá ti ṣe ọmọ ní jàǹbá lẹ́ẹ̀mejì, ìyá rẹ̀ yóò máa sá fún nọ́ọ̀sì, kódà lọ́jọ́ tí oògùn ìyè bá dé. Ìdí nìyí tí mo fi ní ìwà ètò adarí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Bí wọ́n ṣe ń da ìpolówó àti ìtúntò pọ̀ mọ́ àtúnṣe ààbò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ aráyé láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ààbò.

Nílẹ̀ wa níbí, dátà tí update ń jẹ jẹ́ owó ọbẹ̀ ẹlòmíràn. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń lò. Lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró. Ọdún kan péré ni wọ́n fi kún un fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Windows 11 kò sì gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí Intel ṣe ọkàn rẹ̀ ṣáájú ìran kẹjọ, tó jáde ní 2017. Ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ ṣì ń gbé, tí kíbọọ̀dù rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá, ni wọ́n fẹ́ ká gbé lọ sí ààtàn.

Kí la ó ṣe?

Ọ̀nà wà, nítorí wọ́n ti rìn ín rí. Lọ́dún 2009, Apple gbé Snow Leopard jáde, wọ́n sì fi yangàn pé ohun tó wà tẹ́lẹ̀ làwọn jókòó tún ṣe. Àyè tó ń gbà lórí díráìfù kéré sí ti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Òun náà ní àbùkù tó le nígbà tó kọ́kọ́ dé, àmọ́ wọ́n dúró tì í títí tó fi gún. Àwọn tó ń ṣe Debian, ètò adarí ọ̀fẹ́ tó dúró lórí Linux, máa ń dáwọ́ ohun tuntun dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n lè wá àbùkù; ìgbà tó bá tó jáde ni wọ́n ń gbé e jáde. Ẹ̀yin tí láptọ́ọ̀pù yín kò lè gba Windows 11, ẹ dán irú rẹ̀ wò kí ẹ tó gbé e jù nù, bí iṣẹ́ yín bá lè ṣe lórí rẹ̀.

Mo ń bẹ àwọn tó ń ṣe ètò wọ̀nyí: ẹ ya àtúnṣe ààbò sọ́tọ̀ kúrò lára ìtúntò, ẹ bi wá kí ẹ tó wọlé, ẹ dá àwọn tó ń dán ètò wò padà sí ipò wọn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin ni mo ní lọ́kàn jù. Ẹ ó kọ ètò fún ilé ìfowópamọ́, fún ilé ìwòsàn, fún ìjọba ìbílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó bá wù yín láti gbé bọ́tìnnì kan kúrò níbi tó wà, ẹ kọ́kọ́ rántí ìyá akọ̀wé.

Mo rí ìyá náà lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Ó ní òun ti fún ọmọbìnrin tó gba ipò òun ní ìwé pélébé yẹn, ṣùgbọ́n òun ti tún un kọ kí òun tó lọ, pẹ̀lú pẹ́ńsù, kó lè rọrùn fún ọmọ náà láti nù ún. Ó ti gbà pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Èmi kò gbà. Mo fẹ́ kó di ọjọ́ kan tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò gbó lábẹ́ kíbọọ̀dù, tí etí rẹ̀ yóò ká, tí àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣá, tí ìlà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ orí rẹ̀ yóò sì wà bí wọ́n ṣe kọ wọ́n, pẹ̀lú bírò.