Ọpọlọ Ọkọ̀: Kí Ẹ Tó Ra Brain Box Míràn

(Ìró: kọ́kọ́rọ́ yí. Ẹ̀ńjìnnì ń yí, kò gbà. Kọ́kọ́rọ́ tún yí. Ìró náà rọlẹ̀ sábẹ́ ohùn.)

ATỌ́KÙN: Ọ̀nà tó ti Àkúrẹ́ gba Ọ̀wẹnà lọ sí Oǹdó kì í sinmi. Láti ìdájí ni ọkọ̀ èrò ti ń lọ. Olùkọ́ ń lọ síbi iṣẹ́, oníṣòwò ń lọ sọ́jà, wọ́n ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn UNIMED. Bí ẹ bá dúró létí ọ̀nà náà, ẹ ó rí i pé Toyota Corolla pọ̀ níbẹ̀, tòkunbọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ti sin ẹlòmíràn ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ètò wa tòní dá lórí ẹ̀rọ kékeré kan tó wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá bàjẹ́, ọkọ̀ lè kọ̀ láti sítáàtì láàárọ̀. Ó sì lè kú lójú ọ̀nà pẹ̀lú èrò nínú, nígbà tí tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn. Brain box ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa, nítorí owó tí àwọn èèyàn ń ná lórí ẹ̀rọ yìí pọ̀, tí àrùn ọkọ̀ wọn kì í sì í lọ.

(Orin dùn díẹ̀, ó rọlẹ̀.)

ATỌ́KÙN: Láyé Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, kabùrétọ̀ ló ń po epo mọ́ atẹ́gùn nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Mẹkáníìkì á tú u, á fi epo fọ̀ ọ́, á fẹ́ ihò rẹ̀, á wá fi etí gbọ́ bóyá ẹ̀ńjìnnì ti balẹ̀. Ọgbọ́n ojú, ọwọ́ àti etí ni iṣẹ́ náà nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n ní 1967 ni ilé iṣẹ́ Bosch ti Jámánì ti fi ẹ̀rọ oníná tó ń wọn epo sínú Volkswagen 1600. Nígbà tí òfin èéfín ọkọ̀ wá le sí i ní Amẹ́ríkà, kọ̀ǹpútà, ìyẹn brain box, gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ kabùrétọ̀ pátápátá. Láti orí àwòṣe 1996, òfin ibẹ̀ sọ ọ́ di dandan pé kí ọkọ̀ kékeré tuntun ní ibi ìsopọ̀ olójú 16 nítòsí ẹsẹ̀ awakọ̀, kí síkánà, ìyẹn ẹ̀rọ àyẹ̀wò, lè gba ibẹ̀ bá ọpọlọ ọkọ̀ sọ̀rọ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Sẹ́ńsọ̀ kan ń sọ bí ẹ̀ńjìnnì ṣe ń yí. Òmíràn ń sọ bí omi rẹ̀ ṣe gbóná tó, òmíràn ń wọn atẹ́gùn tó ń wọlé, òmíràn ń yẹ èéfín wò. Brain box á kó ìròyìn gbogbo wọn jọ, á pàṣẹ ìgbà tí nọ́súlù máa tú epo àti ìgbà tí kọ́ìlì máa tanná. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ló ń ṣe èyí láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá ṣi àṣẹ kan pa, ẹ̀ńjìnnì á mọ̀ ọ́n lára.

(Ìró: ẹ̀ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó ń gbọ̀n, ó kú.)

ATỌ́KÙN: Ní òpin oṣù Kẹjọ ọdún 2010, Toyota kéde ní Amẹ́ríkà pé kí àwọn tó ni Corolla àti Matrix àwòṣe 2005 sí 2008 máa gbé wọn bọ̀ fún àtúnṣe. Iye ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn níbẹ̀ tó mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádóje. Ó kan àwọn tó wà ní Kánádà náà, àti Pontiac Vibe tó jẹ́ ìbejì Matrix. Brain box ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ojú lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó àwọn èròjà inú rẹ̀ pọ̀ lè sán, èròjà tó ń gba iná tó bá pọ̀ jù dúró náà lè sán. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, iná check engine ni yóò tàn, tàbí kí jíà máa wọlé pẹ̀lú agbára. Nígbà mìíràn ẹ̀ńjìnnì kò ní sítáàtì, tàbí kó kú lórí eré. Toyota ṣèlérí pé àwọn yóò pààrọ̀ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀.

Àwọn tó ń gbé lọ́hùn-ún ni wọ́n fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́ sí. Corolla tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó tàbí Kùtọnu kí ìkéde tó jáde, ta ni yóò kọ̀wé sí i ní Àkúrẹ́? Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni kẹta tàbí ẹ̀kẹrin tó ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní Oǹdó kò lè mọ̀ bóyá wọ́n ti tún un ṣe.

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ìwádìí náà fúnra yín. Ẹ wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ yín lábẹ́ gíláàsì iwájú, lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1NX, Fremont ní California ni wọ́n ti to Corolla náà. Bó bá jẹ́ 2T1, Cambridge ní Ontario, Kánádà, ni. Ẹ wá ka á dé ìkẹwàá: 5 dúró fún 2005, 6 fún 2006, 7 fún 2007, 8 fún 2008. Bó bá bọ́ sáàárín àwọn ọdún yìí, tí ọkọ̀ sì ń kú láìnídìí, ẹ sọ ìtàn yìí fún mẹkáníìkì yín.

(Orin àárín ètò.)

ATỌ́KÙN: Síbẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn wá nìyí. Ọ̀pọ̀ brain box tí wọ́n ń dá lẹ́bi kò ṣẹ̀. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Sẹ́ńsọ̀ tó ń ka yíyí ẹ̀ńjìnnì lè bàjẹ́, kí ẹ̀ńjìnnì máa yí láìgbà. Wáyà ilẹ̀ tó ti dípẹtà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Fíùsì tàbí rílè tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èkúté tó gé wáyà jẹ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá fà á tí a fi ń sáré ra brain box? Àwa oní-ọkọ̀ kì í fẹ́ sanwó àyẹ̀wò. Riwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, lè fi wákàtí púpọ̀ tọpa wáyà, kí a sọ fún un pé kò tíì ṣe nǹkan kan. Owó páàtì nìkan ni a gbà pé ó jẹ́ owó. Nítorí náà, ẹni tó yẹ kó wádìí á sọ pé kí a lọ ra òmíràn wá, ká fi dán an wò.

Àyẹ̀wò tó péye ní ìlànà. Bátìrì tó dá ṣáṣá máa ń ka nǹkan bíi fóòtì 12.6 nígbà tí ọkọ̀ bá sinmi. Bí ẹ̀ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Fóòtì 5 ni brain box ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀. Bí fóòtì yẹn bá pòórá, ẹ yọ àwọn sẹ́ńsọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá padà wá, sẹ́ńsọ̀ tàbí wáyà kan ló ń fà á wálẹ̀. Síkánà náà ń sọ̀rọ̀: P0335 ń tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ yíyí ẹ̀ńjìnnì, àmọ́ P0601 àti P0606 ń jẹ́ ká fura sí brain box fúnra rẹ̀. Kódà nígbà náà, kí ẹ kọ́kọ́ rí i pé iná ń wọlé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí wáyà ilẹ̀ rẹ̀ sì mú dáadáa.

(Ìró: òjò ń rọ̀ sórí páànù. Ẹ̀rọ wẹ́dà ń tanná.)

ATỌ́KÙN: Bó bá wá dájú pé ó kú, ẹ béèrè ohun tó pa á. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, òjò máa ń gbòde láti bí oṣù Kẹta títí dé oṣù Kẹwàá, omi sì jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Àwọn tó ń fi omi alágbára fọ ẹ̀ńjìnnì ń ṣe é níbi. Ẹni tó so orí bátìrì sódì nígbà tó ń gba iná lọ́wọ́ ọkọ̀ mìíràn lè jó o. Wẹ́dà tó ń jó irin lára ọkọ̀ láìyọ orí bátìrì lè pa á. Ọ́tánétọ̀ tó ń sọ iná ju bó ṣe yẹ lọ lè pa á, kọ́ìlì tó ti jóná nínú náà lè pa á. Bí ẹ kò bá tún ohun tó pa ti àkọ́kọ́ ṣe, yóò pa èkejì.

Ẹ̀yin tó fẹ́ lọ rà á ní Ládipọ̀ ní Mushin tàbí níbòmíràn, ẹ mú ti àtijọ́ dání. Nọ́ńbà brain box Toyota máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 89661. Kò tó pé kí nọ́ńbà márùn-ún yìí bára mu. Kí ìyókù náà bára mu, nítorí ti ọkọ̀ oníjíà ọwọ́ yàtọ̀ sí ti ọ̀tọ́mátíìkì. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì bá ẹni tó ń tà á ṣàdéhùn ìdápadà. Ẹ yọ orí òdì bátìrì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ojú wáyà rẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bá ní ṣíìpù, brain box tó ti ọkọ̀ ẹlòmíràn wá kò ní dá a mọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ rí ẹni tó lè fi ẹ̀rọ mú àwọn méjèèjì mọ ara wọn. Bó bá sì jẹ́ ojú lẹ́ẹ̀dì nìkan ló sán, oníṣẹ́ ẹ̀rọ oníná tó mọṣẹ́ lè jó o padà.

(Orin ìparí bẹ̀rẹ̀ lábẹ́lẹ̀.)

ATỌ́KÙN: Ìpínlẹ̀ wa kò jìnnà sí ìmọ̀ yìí. Ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ni Olóyè Michael Adé-Òjó, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ Elizade sílẹ̀ tó sì sọ Toyota di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Nàìjíríà. Yunifásítì Elizade wà ní ìlú rẹ̀ láti 2012. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, ti wà ní Àkúrẹ́ láti 1981. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, NADDC, náà ń dá àwọn mẹkáníìkì lẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ iṣẹ́ tó wà nínú ọgbà mẹkáníìkì ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó ni ìmọ̀ náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

A bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, NATA: ẹ jẹ́ kí lílo mítà àti síkánà wà nínú ohun tí ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó gba òmìnira. A bẹ ẹ̀yin mẹkáníìkì àti riwáyà: bí kò bá tíì dá yín lójú, ẹ má ṣe rán oníbàárà lọ ra páàtì. A sì bẹ ẹ̀yin oní-ọkọ̀: ẹ san owó àyẹ̀wò fún ẹni tó mọ̀ ọ́n wò. Owó àyẹ̀wò kéré sí owó brain box, ó sì kéré gan-an sí ohun tí a lè pàdánù bí ọkọ̀ bá kú lójú ọ̀nà.