Drive C kún, Drive D ṣófo: Bí ẹ ṣe lè rí àyè lórí kọ̀ǹpútà yín láì pàdánù fáìlì

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ìṣòro kan tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà mọ̀ dáadáa, yálà Èkó ni wọ́n wà, tàbí Kánò, Accra tàbí Kútọnu.

Kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra bí ìgbín. Ìkìlọ̀ á jáde pé kò sí àyè mọ́. Bí ẹni tó ni ín bá wò ó, á rí i pé Drive C ti pọ́n, nítorí pé àyè tó kù níbẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún mọ́. Síbẹ̀, Drive D tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣófo.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bí èyí tí wọ́n ń tà ní Computer Village n'Íkẹjà tàbí ní Banex Plaza l'Ábújà. Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó, tàbí ẹni tó fi Windows sí i, ti lè pín in sí méjì kó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á.

Ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló wà nínú ewu níbí. Project akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀, ìwé owó ọlọ́jà wà nínú rẹ̀, àwòrán ìgbéyàwó tí oníbàárà kò tíì wá gbà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìkánjú wá àyè lè rí àyè náà, kó sì pàdánù iṣẹ́ ọdún mẹ́ta.

Kí ni partition gan-an?

Ẹ fojú inú wo hard drive bí ilé kan. Partition ni yàrá tí wọ́n fi ògiri pín nínú ilé náà. Drive C àti Drive D lè jọ ilé méjì lójú, ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, yàrá méjì nínú ilé kan ṣoṣo ni wọ́n. Kì í ṣe ilé ló kéré, ògiri ni kò sí níbi tó yẹ.

Láyé àtijọ́, floppy disk ló ni lẹ́tà A àti B, ìdí nìyẹn tí hard drive fi gba C. Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà PC XT jáde lọ́dún 1983, 10MB péré ni hard drive inú rẹ̀ ń gbà. Lónìí, fídíò WhatsApp kan ṣoṣo lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé ẹni tó tà á ló rẹ́ yín jẹ?

Ìjà máa ń ṣẹlẹ̀ lórí èyí. Oníbàárà sanwó 500GB, ó délé, Windows ń fi 465GB hàn án. Kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Àwọn tó ń ṣe hard drive ń ka GB kan sí báìtì 1,000,000,000, ṣùgbọ́n Windows ń kà á sí báìtì 1,073,741,824. Bákan náà ni 1TB ṣe máa ń di 931GB, tí 256GB sì ń di 238GB.

Ṣùgbọ́n bí 500GB bá ń fi 100GB péré hàn, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máọ̀sì lórí Start, kí ẹ sì yan "Disk Management". Lórí kọ̀ǹpútà elédè Faransé, irú èyí tó pọ̀ ní Kútọnu àti Lomé, "Gestion des disques" ni ẹ ó rí. Gbogbo yàrá inú ilé náà á hàn níbẹ̀, títí kan ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò, tí wọ́n kọ "Unallocated" sí.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tí àwọn bá ti kó sí D ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: bí wọ́n bá tún Windows fi sí C láì fọwọ́ kan D, ohun tó wà ní D á ṣì wà. Ṣùgbọ́n yàrá kejì nínú ilé kan náà ni D. Bí iná bá jó ilé, yàrá méjèèjì ló ń jó. Bí hard drive bá kú, tàbí tí olè gbé láptọ̀ọ̀pù lọ, C àti D jọ lọ ni.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì tó ṣe pàtàkì sórí hard drive mìíràn tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Fláàṣì tí wọ́n kọ 2TB sí lára, tí owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan, lè má gba ìdá kékeré nínú ohun tí wọ́n kọ. Ẹ yọ fláàṣì náà, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́, kí ẹ sì ṣí díẹ̀ nínú àwọn fáìlì náà wò. Ẹ̀dà tí ẹ kò bá tíì ṣí wò, ẹ má tíì gbọ́kàn lé e.

Ẹ kó ẹrù kí ẹ tó wó ògiri

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ògiri lè má nílò kó kúrò níbi tó wà rárá. Desktop, Documents, Downloads, Pictures àti Videos, orí C ni Windows máa ń kó gbogbo wọn sí bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà.

Ẹ ṣẹ̀dá fódà kan lórí D, kí ẹ pè é ní Documents. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí Documents ti tẹ́lẹ̀, ẹ yan "Properties", lẹ́yìn náà "Location", kí ẹ sì fi "Move" gbé e lọ sínú fódà tuntun náà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Pictures àti Videos, kí oníkálukú ní fódà tirẹ̀. Ẹ má ṣe gbé fódà Windows tàbí Program Files ní tiyín o.

Ẹ tún wo "Storage" nínú Settings. Ó máa ń fi ohun tó ń jẹ àyè hàn, ó sì lè pa àwọn fáìlì tí kò wúlò mọ́ rẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí Windows 10, tí Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, lè bá Windows.old níbẹ̀. Windows àtijọ́ ni. Ó máa ń jẹ àyè púpọ̀, Windows sì sábà máa ń pa á rẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 10.

Bó bá di dandan kí ògiri sún

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe. Wọ́n á dín D kù pẹ̀lú "Shrink Volume", wọ́n á wá fẹ́ fi àyè tó jáde kún C. Ṣùgbọ́n "Extend Volume" kò ní gbà. Ìdí ni pé ìparí D ni àyè náà ti jáde, bẹ́ẹ̀ sì ni àyè gbọ́dọ̀ kan C ní apá ọ̀tún kí Windows tó lè fi kún un.

Ọ̀nà tí Windows fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀ ni kí ẹ kó gbogbo ohun tó wà ní D jáde, kí ẹ pa D rẹ́, kí ẹ fẹ C, kí ẹ sì fi ìyókù ṣe D tuntun. Pípa D rẹ́ túmọ̀ sí pé ohun gbogbo inú rẹ̀ ti lọ. Bí yàrá kékeré tí wọ́n ń pè ní "Recovery" bá wà láàárín C àti D, ẹ má pa á rẹ́ nítorí ìbínú. Òun ni Windows fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ohun èlò bíi GParted lè sún yàrá láì pa á rẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí.

Wákàtí yẹn gan-an ni iná ọba lè lọ. Bí kọ̀ǹpútà bá kú nígbà tó ń kó fáìlì láti ibì kan sí ìkejì, fáìlì lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Bátìrì gbọ́dọ̀ kún, kó sì jẹ́ èyí tó ṣì lágbára, tàbí kí ìnfátà wà. Bí BitLocker bá ń tì hard drive náà, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀ síbi tí kì í ṣe orí kọ̀ǹpútà yẹn, kí ẹ sì dá a dúró fúngbà díẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn lẹ fẹ́ gbé e fún

Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ bi í léèrè pé ṣé yóò pa D rẹ́, kí ẹ sì sọ fún un ní kedere pé ẹ kò fẹ́ kó "format" ohunkóhun láì kọ́kọ́ pè yín.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀dà ni àkọ́kọ́, kíkó ẹrù ni ìkejì, ògiri ló gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá tẹ̀lé e báyìí á rí i pé àyè ti yọ kí àwọn tó dé orí ìkẹta.